Ìyá Tí Kì Í Lọ Láì Dágbére

Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kúbúrá ọmọ Sàláúdéènì kì í ṣe ọlọ́ṣà, ẹ gbà mí gbọ́. Títí ó fi darúgbó ní Oníyanrìn, kò sí ìrun tó kí tí kò fi àdúrà obìnrin kan kún un, obìnrin náà kì í sì ṣe ìyá tó bí i lọ́mọ. Ìyálé ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí orogún ti ń ṣe sí ọmọ orogún, mo mọ̀ pé ẹ ti ń yọ ṣùtì sí mi. Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Beyerúnka ni wọ́n ti bí Kúbúrá, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to irin rélùwéè bọ̀ láti Èkó. Ràbíátù ni ìyá rẹ̀, òun sì ni ìyàwó kékeré nínú ilé. Ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ kò wọ̀ mọ́, ó ní òun ń lọ, kò sì sẹ́ni tó rí i dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ó ti rí: obìnrin lè lọ, ọmọ kì í bá a lọ, ilé bàbá ni ọmọ ń gbé. Àwọn àgbà obìnrin ilé wá gbà á nímọ̀ràn tí wọ́n ti ń gba àwọn obìnrin láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí ọmọ rí ọ. Bó bá rí ọ, ẹkún rẹ̀ á fà ọ́ padà. Tàn án, kí o sì yọ́ lọ."

Ràbíátù bu ẹ̀pà sísè lé ọmọ lọ́wọ́. Ó gbé ìkòkò lé orí, ó ní, "Jókòó síbí o, mo fẹ́ lọ pọn omi wá. Kí o tó jẹ ẹ̀pà yẹn tán, mo ti dé." Ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, ó dáwọ́ dúró, kí ẹ̀pà má baà tán kí ìyá òun tó dé. Ilẹ̀ ṣú bá a níbẹ̀, ẹ̀pà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Háà, ayé! Àwọn tó gba Ràbíátù nímọ̀ràn kò gbèrò ibi, nítorí bí wọ́n ti ṣe fún àwọn náà nìyẹn. Síbẹ̀, inú ń bí mi sí ìmọ̀ràn yẹn títí dòní.

Láti ọjọ́ náà, Kúbúrá kò gbà kí ẹnikẹ́ni pọn òun mọ́. Ẹni tó bá fà á mọ́ra, á gé e jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ jáde nínú ilé, á rọ̀ mọ́ aṣọ onítọ̀hún, á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Wọ́n ní emèrè ni. Ìyálé ilé ló ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Èjìdé lorúkọ rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò pe àgbà lórúkọ? Aṣọ kíjìpá, èyí tó nípọn tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ sóko, ló ń hun nínú yàrá rẹ̀, nítorí náà Ìyá Oníkíjìpá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Ó ní kí wọ́n gbé Kúbúrá wá bá òun.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà Òjé pé, ó di ẹrù aṣọ rẹ̀. Ọmọ ń sùn. Àwọn ìyàwó ilé ń ṣẹ́jú sí i pé kó tètè yọ́ jáde. Ìyá Oníkíjìpá sọ ẹrù kalẹ̀, ó padà wọ yàrá, ó sì fi oríkì ọmọ jí i. "Àwẹ̀ró, dìde. Mo ń lọ sí Òjé lọ ta aṣọ. Bí wọ́n bá ti ń pe ìrun àlàásárì, màá ti wọlé. Ṣé o gbọ́? Èmi kì í lọ láì sọ."

Yéè! Ẹkún tí Kúbúrá sun láàárọ̀ ọjọ́ náà, bóyá wọ́n gbọ́ ọ dé Ọjà'ba. Inú bí àwọn obìnrin ilé. "Ìyá Oníkíjìpá, kí lẹ fi èyí ṣe? Ẹ wá ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ọmọdé kí ẹ tó lọ sọ́jà! Ẹkún ló máa fi sìn yín lọ, ẹ ò sì ní rí tà." Ó ní bí òun kò rí tà lónìí, ìyẹn nìkan kò ní pa òun. Ó gbẹ́rù, ó lọ.

Kí ìpè àlàásárì tó dákẹ́, ó ti sọ ẹrù lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ tó kù nínú ẹrù pọ̀, nítorí pé ó sáré kúrò lọ́jà nígbà tí àwọn oníbàárà tó ti oko wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Kúbúrá kò sáré pàdé rẹ̀. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì lọ sápamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá náà kò bá a jà. Ó kàn ní, "Mo ní màá dé, mo sì ti dé o," ó bá jókòó, ó ń nasẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ọjà, tí ọmọ ń sunkún, tí àwọn ará ilé ń kùn. Ó pẹ́ o. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọmọ tí wọ́n ti tàn lẹ́ẹ̀kan máa ń tètè gbàgbọ́, kò tọ́mọ rí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ kan, ó jí Kúbúrá, Kúbúrá la ojú kan. "Ẹ ó dé lálàásárì?" "Màá dé." "Ó dàbọ̀," ni ọmọ wí, ó yíjú sí ògiri, ó sì ń bá oorun rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbà kí wọ́n pọn òun.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Kúbúrá dàgbà, ó mọ òwú ran, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀rín sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá rí i kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é rí. Wọ́n fi í fún Sàídì olóbì, ní Oníyanrìn. Ọkùnrin gidi ni Sàídì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Kì í lu obìnrin, kì í fi oúnjẹ duni, kì í pariwo. Obì gbànja ló ń kó sínú rélùwéè lọ sí ìlú àwọn Gàmbàrí, kán-ún àti àlùbọ́sà ló sì ń kó bọ̀. Àmọ́ wọ́n ní àṣà kan nílé wọn. Ẹni tó bá ń lọ sí ìrìn-àjò kì í dágbére. Kì í sọ ọjọ́ tó ń lọ, kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Á kí ìrun àsùbáà, á gbé ẹrù, á bá tirẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pè é láti ẹ̀yìn. Bí o bá béèrè ibi tó lọ, wọ́n á ní, "Ó jáde." Ó parí.

Ẹ ò rí nǹkan! Nínú gbogbo ọkùnrin tó kún Ìbàdàn bámúbámú, èyí tí kì í dágbére ni Kúbúrá bọ́ sí lọ́wọ́.

Nígbà àkọ́kọ́, ó pọn omi ti Ògùnpa dé, kò bá ọkọ rẹ̀ lórí ẹní. "Ó jáde." Ó rò pé mọ́sáláṣí ló lọ. Ọ̀sán pọ́n, kò dé. Ilẹ̀ ṣú, kò dé. Kúbúrá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìta, òun alára kò sì mọ ohun tó ń ba òun lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin! Nígbà tí Sàídì wá dé, tó gbé ìró aláràbarà fún un, kò sọ pé ẹ kú àbọ̀. Ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Nígbà tó tún lọ tó dé, ó bá yàrá lófìfo: Kúbúrá ti kó ẹrù lọ sí Beyerúnka. Wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́, ó padà. Ó tún ṣe é. Ó wá di pé bó bá ti rí i tí wọ́n ń fi ewé di obì sínú apẹ̀rẹ̀, ìjà ti dé nìyẹn: ọbẹ̀ kò dùn, irú ìwò wo lẹ wò mí yẹn, ta lẹ bá sọ̀rọ̀ lójúde? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kúbúrá ń sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ kí ọkọ tó sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àkíbù, ẹ̀gbọ́n Sàídì, ní ó tó gẹ́ẹ́. "Obìnrin tí kò lè gbélé de ọkọ, kí lo fẹ́ fi ṣe? Bó bá tún kó ẹrù, ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí kò ní bẹ̀ ẹ́ mọ́." Sàídì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n ó ti sú u.

Sàídì tún lọ. Kúbúrá tún jí, ó tún bá ẹní lófìfo. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun kò kó ẹrù lásán mọ́, òun ń lọ kọ ọkọ ní kóòtù ìbílẹ̀ ní Bẹ́rẹ̀. Àwọn obìnrin ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa nígbà náà. Ó kọ́kọ́ yà ní Beyerúnka kí Ìyá Oníkíjìpá lè tẹ̀ lé òun lọ, nítorí kò wù ú kó dá dúró níwájú adájọ́.

Ó bá ìyá nídìí òfì. "Ìyá, ẹ dìde, ká jọ lọ sí kóòtù. Mo fẹ́ kọ Sàídì."

Ìyá kò gbójú sókè. "Ó nà ọ́ ni?"

"Rárá."

"Ó ń fi ebi pa ọ́?"

"Rárá o. Oúnjẹ kún ilé."

"Ó ń tẹ̀ lé obìnrin kiri?"

"Sàídì kẹ̀? Ẹni tó jẹ́ pé obì nìkan ló ń rí lójú àlá!" Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ló bá rántí pé inú ń bí òun.

"Kí lo wá fẹ́ sọ fún adájọ́?"

"Ó lọ láì sọ fún mi."

Ọwọ́ Ìyá Oníkíjìpá dúró lórí òwú. Ó ní, "Àwẹ̀ró, wá jókòó. Ǹjẹ́ o rántí ẹ̀pà?"

"Ẹ̀pà wo?"

Kúbúrá mọ̀ pé ìyá òun ti lọ, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ bó ti lọ fún un rí. Ọjọ́ náà ló gbọ́ nípa ìkòkò omi, nípa ẹnu ọ̀nà, àti bí wọ́n ṣe já ẹ̀pà gbà lọ́wọ́ òun nígbà tí oorun gbé òun lọ. Bí ó ti ń gbọ́ ọ ni omi ń dà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò rántí ohunkóhun níbẹ̀.

"Ìwọ ti gbàgbé," ni ìyá wí, "àmọ́ àyà rẹ kò gbàgbé. Bí Sàídì bá ti yọ́ jáde báyìí, ọmọ ọdún mẹ́rin lo tún dà. Ṣé ọkọ rẹ mọ̀?"

"Kí ló fẹ́ mọ̀?"

"Pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Lójú tirẹ̀, o kórìíra òun ni."

Kúbúrá kò ronú dé ibẹ̀ rí.

"Nígbà tí o wà lọ́mọdé, ẹkún nìkan lo mọ̀, èmi ni mò ń wá ohun tó wà nínú ẹkún náà. O ti lẹ́nu báyìí. Padà sílé ọkọ rẹ, jókòó, kí o dè é. Bó bá dé, sọ fún un. Bí o bá sọ ọ́ tó bá kọtí ikún, èmi alára ni màá mú ọ dé Bẹ́rẹ̀, ẹnu tí màá fi bá Sàídì jà níbẹ̀, adájọ́ á bẹ̀ mí."

Kúbúrá padà lọ dúró dè é. Kò rọrùn fún un o, ìgbà mélòó ni kò dìde pé òun ń lọ, tó tún jókòó! Nígbà tí Sàídì dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo wọlé, nítorí ó ti gbà pé òun yóò bá yàrá lófìfo, òun kò sì ní lọ bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ló bá rí ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnu mi tó kọ̀ ọ́."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti ẹ̀pà, ó sọ ti ẹní tó máa ń ṣófo, ó sọ ti ẹnu ọ̀nà tó máa ń jókòó sí. Ó ní, "N kò kórìíra yín. Bí ẹ bá ti lọ láì sọ, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹ ò ní padà mọ́ ni. Mo sì ń sá kí n má baà wà níbẹ̀ tí ẹ ò bá dé."

Sàídì jókòó sórí apẹ̀rẹ̀. "Kúbúrá, n kò mọ̀. Ọlọ́hun gbọ́, mo rò pé mò ń dáàbò bo ìwọ àti èmi ni." Ó wá sọ tirẹ̀. Nígbà ogun, àbúrò bàbá rẹ̀ dágbére káàkiri ilé kó tó lọ ra iyọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Àwọn tó ń jí èèyàn tà gbọ́ ọjọ́ tó ń lọ, wọ́n lọ lúgọ dè é lọ́nà, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́. Láti ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ wọn pé ẹni tó bá fẹ́ padà wálé kì í sọ pé òun ń lọ. "Gbogbo ìgbà tí mo bá yọ́ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, àdúrà ló máa ń wà lẹ́nu mi pé kí n padà wá bá ọ."

Ẹ wo ìjà tí wọ́n ti ń jà látọjọ́ yìí! Ẹ̀rù ń ba ọkọ, ẹ̀rù ń ba aya, kálukú rò pé òun nìkan ni. Kúbúrá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ogun ti tán, ọkọ mi. N kò sì tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lúgọ de rélùwéè." Sàídì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìrìn-àjò tún dé, ó jí i lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ó wò yíká bí ẹni tó fẹ́ jẹ èèwọ̀. "Kúbúrá, Kánò ni mò ń lọ. Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá ni màá dé." Kúbúrá di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ó fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ó dàbọ̀ o, kí Ọlọ́hun ṣọ́ yín."

Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá pé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ìròyìn sì dé láti ìdíkọ̀ pé àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ lọ lábẹ́ irin rélùwéè lápá Ìwó, kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Àkíbù pàtẹ́wọ́. "Mo sọ bí? Ó sọ ọjọ́, ayé gbọ́!" Kúbúrá wọ yàrá, ó di ẹrù rẹ̀, ó tiẹ̀ gbé e lé orí. Ó dúró báyìí láàárín yàrá pẹ̀lú ẹrù lórí. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ kalẹ̀, ó jáde, ó dáná, ó gbé iṣu kaná.

"Ta lò ń se iṣu dè?" ni Àkíbù bi í.

"Ọkọ mi ni. Ó ní òun ń bọ̀. Bí kò bá dé lónìí, a jẹ́ pé ó ṣì ń bọ̀ ni." Ó gún iyán náà, ó sì bò ó.

Wọ́n ń ṣe àlùwàlá ìrun mùgúrúbì lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹrẹ̀ dé orókún rẹ̀, kò sí kán-ún, kò sí àlùbọ́sà, bàtà rẹ̀ kan ti já. Sàídì ni. Ó fi gbogbo ẹrù sílẹ̀ nínú rélùwéè, ó sì ti fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìwó, láti ìdájí, nínú òjò. Àkíbù la ẹnu, kò lè pa á dé. "Ṣé orí rẹ pé? Kí ló dé tí o kò dúró kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe?"

Sàídì kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Jímọ̀ ni mo sọ fún un."

Kúbúrá rẹ́rìn-ín, ó sunkún, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ṣe. Ó ní ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkíbù ló lọ bu omi gbígbóná fún àbúrò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, tọkọtaya gba Beyerúnka lọ láti dúpẹ́. Sàídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Oníkíjìpá, ìyá ní kó dìde kí erùpẹ̀ má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí Sàídì lọ kí àwọn ọkùnrin lójúde, Kúbúrá sún mọ́ ìyá nídìí òfì. Ohun tó ti yẹ kó béèrè látọjọ́ yìí ló béèrè.

"Ìyá, gbogbo ilé ló ní kí ẹ máa yọ́ lọ nígbà náà. Ta ló kọ́ yín pé èèyàn ń dágbére fún ọmọdé?"

Ìyá Oníkíjìpá wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ sọ yìí, wọn kì í sọ ọ́ nínú agbo ilé.

"Ṣé ọmọ Ìbàdàn lo rò pé mo jẹ́? Ìjàyè ni ogun ti kó mi. N kò tó bí o ti tó nígbà tí wọ́n gbé ọ wá bá mi. Ebi ń pa gbogbo ìlú, ìyá mi jáde láàárọ̀ lọ wá ohun tí a óò jẹ. Kò jí mi. Bóyá ó fẹ́ kí n sùn kí ebi má pa mí. Ogun wọ̀lú kó tó dé." Ó fọwọ́ ra okùn òwú. "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Àwẹ̀ró. Ọ̀rọ̀ tó ń wù mí kí ẹnì kan ti sọ fún mi ni mò ń sọ fún ọ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà."

Kúbúrá gbé orí lé itan rẹ̀. "Ìyá, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni. Èmi ni mo fi ẹkún dà yín láàmú nígbà yẹn."

"O kò dà mí láàmú," ni ìyá wí. "Àwa méjèèjì la jọ ń sunkún náà. Ọjọ́ tí ìwọ dákẹ́ lèmi náà tó dákẹ́."